Àálè Lọ́rùn Alápò

Ọjọ́ Ajé, 7/10/91. Ìkirè.
Mo ti tò wọ́n tán sínú gádìnì káńsù. Ère mẹ́sàn-án, wáyà tí mo wọ̀ láṣọ àpò kòkó. Àwọn Alápò mi. Wọ́n tò síwájú òṣùwọ̀n kòkó bí àwọn àgbẹ̀ ṣe máa ń tò. Bàbá mi ni ẹni iwájú – àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ gan-an ni mo fi rán wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni káńsù fún mi. Kí Ìyá ṣáà ti Àràrọ̀mí-Òwu wá kó tó pé. N ò tíì sọ fún wọn pé ọkọ wọn wà níbẹ̀. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ọjọ́bọ̀, 10/10.
Agogo ti bẹ̀rẹ̀. Ajíhìnrere ni, torí ariwo rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ ní Agogo. Ó ní òrìṣà ni mo gbé kalẹ̀ sáàárín ìlú. Bàbá mi, tí wọ́n ṣe alàgbà ìjọ títí wọ́n fi kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15/10.
Káńsù pe èmi àti Agogo. Akọ̀wé ní, ṣé èmi Tíṣà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sóògùn níbẹ̀? Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo ní kí Agogo wá tú èyí tó bá wù ú wò. Kò wá. Wọ́n ní kí àwọn Alápò dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 18/10.
Àwọn kan ti wó méjì. Wọ́n fọ̀bẹ ya àyà Bàbá. Inú ń bí mi débi pé n ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, 19/10.
Mo rán àyà Bàbá tó ya padà. Mo so àkísà pupa àti bàtà tó já mọ́ wọn lọ́rùn – àálè, bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń so ó sí oko kòkó nítorí olè. Alàgbà ni wọ́n, wọ́n sì ń so ó. N ò pe ọfọ̀ kankan sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22/10.
Wọ́n wó mẹ́ta sí i.

Ọjọ́rú, 23/10.
Akọ̀wé tẹ́ àkísà pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mo kọ. Kò pariwo. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Agogo ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní kí n kó wọn kúrò lọ́la. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 24/10.
Mo ti tú wọn. Ẹnikẹ́ni ò bá mi gbé nǹkan kan.

Ọjọ́ Àìkú, 27/10. Àràrọ̀mí.
Mo wá bẹ Ìyá pé wọn ò rí iṣẹ́ náà kó tó bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn wá. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni, mo wà níléèwé. Wọ́n rí àálè láti òdìkejì títì, wọ́n dúró síbẹ̀. "Èmi ò jẹ́ kọjá àálè, Gbádé. Ẹni tó so ó ò fẹ́ kéèyàn débẹ̀." Wọ́n wọ mọ́tò Àpọ̀mù padà.

Àálè ò ba àwọn tó ń wó wọn lẹ́rù. Ìyá mi nìkan ló lé padà.

Wọ́n bu ẹ̀bà fún mi. Wọ́n ní ta tiẹ̀ ni ẹni tó wà níwájú yẹn, pé ojú àwọn ò gbé e dáadáa.