Ròfíátù Kò Ní Bá Àwọn Àlàájì Wálé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Láti Jíddà níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Màámi, mo kí Bàbá Kékeré àti gbogbo ará ilé wa ní Ìwó. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Ẹ ní Àlàájà Mulikátù, tó sùn lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Hájì èṣí, sọ fún yín pé obìnrin òyìnbó kan ń kọ́ ọmọ mi ní ijó ní ilẹ̀ mímọ́. Ẹ ní kí n fi Ròfíátù ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú àwọn Àlàájì ọdún yìí, kí ẹ lè tọ́ ọ fúnra yín. Gbogbo Ìwó ti gbọ́ tẹnu Àlàájà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n lè gbọ́ tèmi náà.

Àlàájà kò purọ́, àlàyé ni kò ṣe. Gàlínà ni obìnrin náà ń jẹ́, ọmọ Rọ́ṣíà ni. Wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló gbé orúnkún tó wú wá. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ẹnu yà mí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ le bíi ti àgbẹ̀, èékánná méjì sì ti kú. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní ijó ni. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Leningrad, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ wọn, tí àwọn olùkọ́ ijó wọn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ rán aṣọ fún un. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó lórí ìka ẹsẹ̀. Bàbá mi, lórí ìka! Ẹ̀jẹ̀ a máa rin bàtà, ìrora kò sì gbọdọ̀ hàn lójú rẹ̀. Ó di àgbà oníjó, ó jó bí ẹyẹ nínú eré, ó jó bí ọmọ ọba, àwọn èèyàn a sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wọn fọ́, owó oṣù rẹ̀ kò ra búrẹ́dì mọ́, orúnkún sì dá wàhálà sílẹ̀. Ó fẹ́ dókítà ará Súdáànì tó kàwé lọ́dọ̀ wọn, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó bá ọkọ rẹ̀ wá síbí. Ó ní odindi ọdún kan lòun fi ń wo ògiri.

Ìyẹn yé mi. Ooru etí òkun níbí a máa lẹ aṣọ mọ́ni lára láti àárọ̀, oníkálukú a sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, yàtọ̀ sí bàbá Ròfíátù, n kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ju ti iṣẹ́ àti ti ìkámà, ìwé ìgbélùú wa, lọ.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, nínú pálọ̀ rẹ̀, obìnrin nìkan. Ẹ̀yìn àga ni wọ́n ń dì mú. Ròfíátù tí mò ń fi Yorùbá pè, tó ń fi Lárúbáwá dáhùn, tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ibẹ̀ ló ń dúró fún wákàtí kan, tí òógùn ń bọ́, tí kò ráhùn. Ìdajì Kùránì ti wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn bẹ̀bẹ̀. Ọmọ mi ni, kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń fi rán èrò.

Inú bí mi sí lẹ́tà yín, Bàbá. Àbí ẹ ti gbàgbé ọdún tí ẹ fi mí sí ilé-ìwé àwọn onígbàgbọ́? Àwọn ààfáà ní ẹ ti sọ mí di kèfèrí. Nígbà Iléyá, ẹnikẹ́ni kò gba ẹran yín. Ẹ ní kí Màámi dín in, kí a máa jẹ ẹ́, pé ọmọ yín yóò kàwé. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ.

Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sí Mẹ́kà, mo yí Káábà ká, mo fi ọ̀rọ̀ náà sádùúà. Ọkàn mi balẹ̀. Tí bàálù bá gbé àwọn Àlàájì dé, ẹ má wulẹ̀ wá Ròfíátù láàárín wọn. Tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Màámi yóò bá wa wọ pálọ̀ Gàlínà, wọn yóò fojú ara wọn rí i. Ẹ̀yin, Bàbá mi, ọkùnrin kì í wọbẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ó jókòó sí pẹ̀lú bàbá Ròfíátù, tí ẹ ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ yín lórí ilẹ̀.

Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín, kó má fi yín dù wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti Àlàájà Mulikátù náà.

Èmi ni ọmọ yín, tí kò ní gbọ́ràn lẹ́ẹ̀kan yìí,
Sàlámátù