Tíṣà Tí Kò Fẹ́ Kí Wọ́n Ti Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ọdún 1948 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tíṣà, nínú ilé kan tó kọjú sí ojú irin. Bàbá tó bí wọn ló ń ṣọ́ ọ̀nà rélùweè, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Aránṣọ ni ìyá wọn, ọmọ àgbẹ̀. Ìdílé tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni: òwú tí ìyá wọn bá tú lára aṣọ tó gbó, ara aṣọ tuntun la tún ti ń rí i.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní 1955, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1969, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ní 1973, wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń fi lẹ́tà gbà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nítòsí. Bàbá a fi pẹ́ńsù kọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé sórí ìwé, wọn a fi ránṣẹ́, olùkọ́ lọ́hùn-ún a bá wọn fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan èsì a dé pé wọ́n gbàgbé àmì kan, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́. Wọn a tún un kọ, wọn a tún máa retí.

Ìyá wa ló ń lu òǹtẹ̀ sí àwọn lẹ́tà náà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó sú wọn, wọ́n béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọbìnrin wo lẹ ń kọ lẹ́tà sí tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kẹ̀! Ẹ̀rọ wo ló ń ṣe ìyàngà tó báyìí?"

Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1974. Ìyá wa ní ẹni tó lè dúró de ẹ̀rọ tí kò rí sójú tó bẹ́ẹ̀, yóò lè dúró de òun náà. Ní 1975 wọ́n bí àkọ́bí wọn obìnrin. Ó di 1979 kí Bàbá tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá wa wà níbẹ̀; wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá nu ọwọ́ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì.

Ní 1989, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá dé sí ilé-ìwé tí Bàbá ti ń kọ́ni. Ọ̀gá ilé-ìwé fi aṣọ funfun bò wọ́n, ó ti yàrá náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àlejò pàtàkì nìkan ló ń ṣí i fún.

"Tíṣà, ọmọdé ò mọ iyì nǹkan. Tí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ọ̀gá, tí wọn ò bá bà á jẹ́, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ ọ́n tún ṣe?"

Ọ̀gá ò yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Bàbá wá ń kó kíláàsì wọn jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níwájú yàrá náà. Wọ́n sọ àwọn ọmọ fúnra wọn di ẹ̀rọ: ọ̀kan ń pàṣẹ, ọ̀kan ń rántí, ọ̀kan ń gbé èsì wá. Bí ẹni tó ń rántí bá gbàgbé, ẹ̀rín a sọ. Àkọ́bí Bàbá wà láàárín wọn. Lójoojúmọ́ ló ń béèrè pé, "Bàbá, ìgbà wo la máa wọlé?" Wọn a ní, "Ó kù díẹ̀." Kíláàsì náà jáde ilé-ìwé ní 1991. Ilẹ̀kùn ò tíì ṣí.

Ọ̀gá tuntun dé lọ́dún náà, ó sì ṣí i. Abẹ́ aṣọ funfun ni ọmọńlé ti yé ẹyin sí. Ọ̀rinrin ti jẹ inú ẹ̀rọ. Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ló jí. Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n sunkún. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mò ń sunkún sí. Àwọn ọmọ yẹn ni." Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2008, a kò ti yàrá náà lọ́sàn-án mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíláàsì 1991 ò kúrò lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n gba àwọn kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé fẹ́ dànù, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n tò wọ́n sí pálọ̀, wọ́n sì ń wá àwọn ọmọ náà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó ti di bíríkìlà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, lórí àkàbà.

"Tíṣà, mo ti ń hewú!"

"Ẹ̀rọ ò ka ewú. Sọ̀ kalẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Bíríkìlà ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń gbá ìṣó, Bàbá a ní, "Rọra, kì í ṣe ògiri." Aránṣọ dé, awakọ̀ dé, gbogbo wọn dé díẹ̀díẹ̀, àfi ọ̀kan. Àkọ́bí Bàbá ti di nọ́ọ̀sì lókè òkun.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kí lẹ tún fẹ́ kọ́ mi?"

"Mo mọ̀. Ṣáà wá jókòó."

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, Bàbá."

Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá kì í pẹ́ dé ilé ìjọsìn, àdúrà wọn kì í sì í gùn. Èyí tó máa ń kẹ́yìn ni pé kí Ọlọ́run mú ọmọ náà wálé.

Bàbá dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan ní 2022, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ọmọ náà wọlé lọ́jọ́ kejì.

Ní Sátidé, kíláàsì dé láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ sí wọn. A rò pé wọ́n wá kí wa ni. Kálukú lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bíríkìlà fa àga kan jáde fún ọmọ Tíṣà, ó ní, "Jókòó, àwa la ṣáájú ẹ." Ó kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí Bàbá ṣe kọ́ òun gẹ́lẹ́. Ọmọ náà ò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣe ohun tó pa láṣẹ, ó yára yíjú sẹ́yìn, bí ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ kí tíṣà òun wá wò ó.

Bàbá fi ìyàwó sáyé lọ, pẹ̀lú àbúrò obìnrin kan, ọmọbìnrin kan, ọmọkùnrin méjì, ọmọ-ọmọ méje, àti kíláàsì 1991, tí wọ́n pé báyìí.

Ẹ máa sinmi, Tíṣà. Ojú ń ro wá. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Ọlọ́run fún yín ní oorun tí ẹ ò ní máa retí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ sùn ire o.