Agogo Tó Dún Níta

Ọ̀nà Ìfọ̀n,
Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Akínjídé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbà á ládùúrà pé bí o ti ń ka ìwé yìí, ara rẹ le, o ń jẹun, o sì ń rí oorun sùn. Èmi náà wà láàyè. Bàbá rẹ wà láàyè. Àbúrò rẹ wà láàyè, ìyẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ kà, kí àyà rẹ lè gba ìyókù. Hàmídù awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán, torí o kò gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí rẹ̀, ohun tí o ń fi fèsì kò ju pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n wà." Wíwà wo nìyẹn? Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo dá ọmọ tó ń sá fún ìbéèrè mọ̀ bó bá tilẹ̀ wà ní Àbújá.

Mo gbọ́ ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí Boniface, pé ìwé ìtàn tí o kọ ló ṣe àbúrò rẹ léṣe, pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ kí wọ́n dáná sun ún. Rọra ná. O kò sí níbẹ̀. Ọ́fíìsì yín kò fún ọ láyè láti wá, ẹnu ẹlẹ́nu lo ti gbọ́ gbogbo ohun tí o mọ̀. Èmi wà níbẹ̀, ìlà kejì ni mo jókòó sí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́.

Ṣé o rántí ìgbà tí Boniface kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ pé òun fẹ́ sọ ìtàn sákọ́ọ̀sì rẹ di eré olórin lórí ìtàgé? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní olùkọ́ orin, ọmọ Ìkàrẹ́ tí kò lè gun àkàbà, ló fẹ́ máa kó àwọn eléré tó ń fò lókè jọ! Mo ní níbo ló ti máa rí kìnnìún? Àṣé mò ń sọ̀sọkúsọ ni. Ó yọ kìnnìún kúrò, ó sọ ìyókù di orin, débi pé èmi tí mo ti ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ ohun tí mi ò rí kà níbẹ̀. Ọláyọ̀ àbúrò rẹ ló mú pé kó ṣe Kúbúrá, ọmọbìnrin tó ń fò láti orí jangirọ́fà. Ta ni ìbá tún mú? Ọmọ tó jẹ́ pé orí igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé la ti ń pè é wá jẹun láti kékeré, tó sì jẹ́ pé bó bá ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà tó ń húkọ́ á dákẹ́ ikọ́.

Ìparí apá kìíní eré náà ni gbogbo ènìyàn ń retí. Kúbúrá á wà lórí jangirọ́fà, á máa fì síwájú fì sẹ́yìn, á máa kọrin. Ní òdìkejì, Jonah, ọmọ Ùsò tó ń ṣe bàbá rẹ̀ nínú eré, á fi orúnkún kọ́ irin tirẹ̀, á dorí kodò, á máa fì bọ̀. Bí ìlù ńlá bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí Ọláyọ̀ tú ọwọ́ sílẹ̀, Jonah á sì hán an lófuurufú. Iná tó ń tàn sí wọn lójú kì í jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn dáadáa, etí ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń dánra wò, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n wọn kò tàsé rí.

Ìwọ náà mọ bí Ọ̀wọ̀ ṣe máa ń rí lásìkò ọdún Igogo. Ìlù kì í dún. Agogo ni wọ́n ń lù, fìlà àti gèlè á sì wà nínú àpótí títí ọdún á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Boniface mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi eré náà sí ìgbà tí ọdún kò tíì dé. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ló gbé ọjọ́ náà fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan, wọ́n ní kó sún tirẹ̀ síwájú, ọjọ́ tó kù nílẹ̀ sì bọ́ sí àárín Igogo. Boniface ní inú ilé ni, òun á ti ilẹ̀kùn, kò kan ará ìta. Àwọn àgbà àdúgbò wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn ò bú u. Ọ̀kan nínú wọn kàn pe Ọ̀wọ̀ bí àwa onílé ṣe ń pè é, ó ní, "Ọ̀ghọ̀ rèé, ọmọ mi. Ìlù inú ilé, ìlù ni. Ìlù ìta, ìlù ni."

Mo ní kí wọ́n sún un di ẹ̀yìn Igogo. Bàbá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ti ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, wọ́n ti to àga, àwọn òbí ti ń kun ọmọ ní àtíkè. Ọláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Mọ́mì, ìlù o, agogo o, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ṣáà ni." Wọ́n wá agogo dípò ìlù ńlá, wọ́n fi dán an wò láàárọ̀ yẹn, ó sì lọ geere. Inú gbogbo wa dùn. Àwọn àgbà kò bínú mọ́, eré á wáyé, ta ló pàdánù? A rò pé ọgbọ́n la gbọ́n. Kò sí ẹnì kankan nínú wa, ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Àkókó, tó ronú pé nígbà tó jẹ́ agogo ni gbogbo ìlú ń lù, agogo ta ni ọmọ tó wà lókè máa gbọ́.

Ọ̀sán ni. Ooru mú púpọ̀, wọ́n sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ọláyọ̀ ń fì, ó ń kọrin, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń jó Igogo ń kọjá lójú títì. Agogo wọn dún, kàn, kàn, kàn. Ojú mi báyìí ni ọmọ mi ṣe tú ọwọ́ sílẹ̀. Jonah ṣì ń fì lọ sẹ́yìn. Ó yí padà, ó na ọwọ́ títí mo fi rò pé apá rẹ̀ á já, kò bá a. Etí ìtàgé ni Ọláyọ̀ balẹ̀ sí, níbi tí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kò dé. Àwọn kan nínú èrò sì pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Akínjídé, mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn bí mo bá ń dáná, mò ń gbọ́ ọ bí mo bá ń gbàdúrà. Ẹni tó fẹ́ lu agogo tiwa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, kò tíì lù ú.

Bàbá rẹ kò bá Boniface jà, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Àárọ̀ kùtù ló ń lọ sóko, ìgbà tí wọ́n bá ti lé àlejò kúrò ní ilé ìwòsàn ló ń dé. Ó ní iṣu lòun ń wà. Iṣu wo ni kì í tán nílẹ̀? Ní ti Jonah, ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló máa ń dúró sí, kì í wọlé. Mo fà á wọlé lánàá, Ọláyọ̀ ló wá ń tù ú nínú. Boniface ń wá kúnlẹ̀, mo sì ń ní kó dìde, kó lọ, torí mi ò tíì lè wo ojú rẹ̀. Mo bínú sí i, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí o bá fẹ́ gba ìpín tìrẹ nínú ẹ̀bi náà, dúró sẹ́yìn gbogbo wa kí o gbà á, wàá sì rí i pé ó kéré. Ìwé kọ́ ló ṣí fèrèsé.

Wàyí o, ohun tó mú mi kọ̀wé. Dókítà ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán egungun ẹ̀yìn àbúrò rẹ, wọ́n tún un yà. Ọmọ mi, Ọláyọ̀ kò ní rìn mọ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa jáde lára mi nìyẹn. Nígbà tí dókítà fẹ́ sọ fún un, Ọláyọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún òun, àfi Bọ̀dá Akin. Ó ní nígbà tí ajá yín kú, èmi àti bàbá rẹ ní ó sá lọ ni, ìwọ lo mú òun lọ́wọ́ lọ wo ibi tí a sin ín sí. Mi ò mọ̀ pé ó rántí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí láràárọ̀ pé, "Ṣé Bọ̀dá Akin ti dé?" Mo máa ń ní o ti wà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Mò ń wẹ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wẹ òun, mo sì ń fi ẹnu ròyìn iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Ó rẹ̀ mí, Akínjídé. Ó rẹ̀ mí gan-an.

Torí náà, máa bọ̀ nílé. Mi ò pè ọ́ kí o wá tọrọ àforíjì. Wá sọ òótọ́ fún àbúrò rẹ, kí o sì dúró tì í nígbà tí o bá sọ ọ́ tán, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí o bá ṣì fẹ́ dáná sun ìwé lẹ́yìn ìyẹn, èmi fúnra mi ni màá ṣáná fún ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lo ti máa sun ún. Hàmídù ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ní kó fi àga iwájú sílẹ̀ fún ọ. Má ṣe jẹ́ kí ó gbé àga òfìfo wálé.

Ọlọ́run tó fún ọ ní gègé kò ní gba ìgboyà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà kò ní hu ewu níwájú rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ, ẹnu rẹ kò sì ní wúwo nígbà tó bá yẹ kí ó ṣí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fojú sọ́nà,
Adétutù.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa, mo tún ya á. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọláyọ̀ ni mo ti kọ ọ́, ó sì jí, ó bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìwọ ni. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi jáde, ó ní láti ìjẹta lòun ti fi gún itan òun, ọ̀tún àti òsì, kò dun òun. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé o kò ní láti sọ nǹkan kan fún òun mọ́. Ó ní kí o ṣáà wá jókòó.