Ẹni Tó Dúró De Mahfuz ní Èrúnmu

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Èrúnmu,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 2024.

Hasanat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Humairah ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ọyẹ́ Kàdúná kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ọ̀dọ̀ wa. Níbí, ọyẹ́ ti fẹ́ lọ, àmọ́ eruku ṣì máa ń bo igi kòkó láàárọ̀, débi pé bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ó máa ń dà bíi pé ìlú kò tíì pinnu bóyá òun máa jí. Ara wa le. Alhaja Mùjíbátù, ìyá yín àgbà, ń jẹun, wọ́n ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń bá gbogbo ẹni tó bá kọjá jà pé kò kí wọn dáadáa.

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní Mahfuz àbúrò rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ipò rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, àti pé o kò ní í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn mí, torí ìwọ lo fi kẹ̀kẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí i láti Kàdúná, mo sì mọ ohun tí ò ń retí. Ṣùgbọ́n o kò sí níbẹ̀, Hasanat. Èmi wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣètò eré kẹ̀kẹ́ náà ní kí n jókòó sínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn, kí n máa tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ, kí o tó wá bínú bí o bá ṣì fẹ́ bínú.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi sá eré náà, láti Mónìyà, yí ká àwọn ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, títí dé Akanran. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé lójúmọ́ kan kọ́ ló ń borí. Wọ́n á ro àkókò tí oníkálukú lò láti ọjọ́ kìíní títí dé ìkẹyìn pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ni eré. Ẹni tó bá wà níwájú nínú ìṣírò náà ló ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Mahfuz ló wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin. Joshua, ọmọ Ìjàyè, ló tẹ̀ lé e. Ohun tó wà láàárín wọn kò tó àkókò téèyàn fi ń bu omi mu. Ṣẹ́gun ló ṣe ìkẹta. Ẹni tó bá borí ni wọ́n máa mú wọ ẹgbẹ́ eléré ìpínlẹ̀, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ìwọ náà mọ ọjọ́ orí àbúrò rẹ. Ọdún yìí nìkan ló kù fún un.

Má fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Lálúpọn láàárọ̀ yẹn, mo gbàgbé pé ìje ni. Gbogbo wọn rọ́ pọ̀ bí agbo lékeléke, ìró kẹ̀kẹ́ wọn sì dà bí òjò tó ń bọ̀ láti òkèèrè lórí ewé. Ẹni tó wà níwájú á fi àyà gba atẹ́gùn, àwọn tó kù á fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Àwọn tó fẹ́ borí ara wọn ló ń bá ara wọn ru atẹ́gùn. Níbo ni ọ̀rẹ́ parí sí níbẹ̀, níbo ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò tíì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí.

Àṣà kan wà tí Mahfuz ti sọ fún mi ṣáájú. Bí eré bá fẹ́ gba ìlú ẹnì kan kọjá, wọ́n á jẹ́ kó ṣíwájú díẹ̀ kó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun kò ní í lo àǹfààní yẹn láti sá lọ, àwọn náà kò sì ní í sá fi í sílẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣe òfin náà. Ó ní, “Àǹtí Bùnmi, kò sẹ́ni tó ṣe é. A kàn bá a níbẹ̀ ni.”

Bí a ṣe sún mọ́ Èrúnmu, Joshua fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. “Lọ kí wọn, ọmọ Alhaja. Má jẹun níbẹ̀ o!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mahfuz ṣíwájú.

Hasanat, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ìṣírò àkókò fún Èrúnmu. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ wọn, òun nìkan, nínú ẹ̀wù ọsàn, tí kò sí ẹlòmíràn níwájú rẹ̀. Ariwo sọ. Mahfuz sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, Alhaja sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà láti orí baba ńlá yín bọ̀. Ta ló jẹ́ dìde nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe tán? Nígbà tó fi máa gbórí sókè, Bọ̀dá Lìádì, àbúrò bàbá yín, ti gbé kẹ̀kẹ́ náà wọlé.

Mahfuz kígbe, “Bọ̀dá, kẹ̀kẹ́ mi dà?”

“Fọkàn balẹ̀, mo ti tì í mọ́ yàrá. Ẹni tó ti borí, kí ló tún fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe?”

“Mi ò tíì borí o!”

“Ta ló wà níwájú rẹ nígbà náà? Mo wò títí, mi ò rí ẹnì kankan.”

Ibẹ̀ làwọn tó kù ti dé bá wọn. Joshua gbọ́wọ́ sókè, gbogbo wọn sì rọra ń lọ bí ẹni ń ti oko bọ̀. Ẹnì kan láàárín wọn pariwo pé, “Joshua, máa lọ jàre! Ṣé ìwọ ni wọ́n ń ṣàdúrà fún ni?” Joshua ní, “Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ni kí n sá fi sílẹ̀? Irú ìyẹn kò lè dùn mọ́ mi.” Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ṣẹ́gun gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, tó sì fò lọ bí ọta ìbọn.

Joshua lè lé e. Òun ló ṣe ìkejì. Bó bá lọ lójú ẹsẹ̀, eré ti di tirẹ̀ nìyẹn. Kò lọ. Ó dúró títí kọ́kọ́rọ́ fi jáde.

Láti ibẹ̀ títí kọjá Ẹgbẹ́dá, Mahfuz ló wà níwájú, àyà rẹ̀ sínú atẹ́gùn, Joshua lẹ́yìn rẹ̀. Joshua fẹ́ bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, Mahfuz ṣẹ́wọ́ sí i pé kó padà. Wọ́n lé Ṣẹ́gun bá níbi tí a ti ń rí òrùlé Akanran. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àbúrò rẹ ti tán. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Joshua wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó lọ. Òun ló borí. Ṣẹ́gun ṣe ìkejì, Mahfuz ìkẹta.

Àwọn kan ń bú Ṣẹ́gun. Ó ní, “Ẹ fi òfin yẹn hàn mí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.” Kò sẹ́ni tó lè fi hàn án. N kò lè sọ pé ó jẹ̀bi, Hasanat. Òun náà dá kọ́ eré yìí fúnra rẹ̀ ni, kò sì sí ìlú kankan lójú ọ̀nà tó jáde wá pariwo orúkọ rẹ̀. Bóyá àṣà tó dára fún àwọn tó ní ará ilé máa ń korò lẹ́nu àwọn tí kò ní.

Mo bi Mahfuz léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí Joshua bá a pín iṣẹ́ náà. Ó ní, “Ó dúró dè mí, Àǹtí. Bí mo bá tún wá sá sẹ́yìn rẹ̀, tí mo wá fò yọ sí i lẹ́nu ibi tí eré parí sí, kí ni kí n máa pe ara mi?” Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àná, mo lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Alhaja, torí wọ́n ṣì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ àwọn ló ṣe ipò kìíní. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n wá bi mí pé, “Joshua yẹn, ṣé ó ní ìyá àgbà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní Ìjàyè. “Ṣé eré náà gba ẹnu ọ̀nà tiwọn?” Mo ní rárá. Wọ́n yíjú sí ojú títì. Wọ́n ní, “Òun kò rí ẹni kí, ó sì dúró kí tèmi kí mi.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ: àwọn ló dá ọmọ náà dúró, kì í ṣe òun ló gbé ipò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí o bá fẹ́ bínú, kí o bínú sí àwọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko Humairah lẹ́nu fún mi. Àwọn ará ilé ìwé wa ń kí ọ. Ìyá mi náà ní kí n bi ọ́ ìgbà tí o máa wálé.

Láràárọ̀ ni Mahfuz ń bá Joshua jáde lọ sí ọ̀nà Lálúpọn, kí Joshua lè múra ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò rẹ ló ṣì ń wà níwájú. Bí wọ́n bá dúró sinmi, á yọ fóònù rẹ̀ wò, á tún tì í bọ àpò. Pè é.

Ìfẹ́ rẹ kò kúrò lọ́kàn mi,
Olúwabùnmi.