Ọ̀rọ̀ Afárá, Kí Ìwé Kẹta Tó Jáde

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń wọ̀ ọ́ lára, ṣé yàrá tí o háyà kì í jò? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá rẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjókòó rẹ, á máa ṣọ́ ìdìde rẹ, ohun tó ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ kiri ní ìlú ńlá kò ní mọ ojúlé rẹ. Àmín. Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo mú pẹ́ńsù, torí ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan sí ọ, tó jẹ́ pé ìyá rẹ nìkan lò ń kọ lẹ́tà sí. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ afárá ló mú mi kọ̀wé.

Ìwé kìíní àti ìkejì tí o kọ, tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó kọ́ ọ ní á-bí-dí, ló ń kà á fún wa ní ṣọ́ọ̀bù mi ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́, torí ọ̀dọ̀ káfíńtà ni àga pọ̀ sí. Mo kọ́kọ́ ní mi ò ní gbọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n èmi á máa rẹ́ pákó mi lọ. Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ní ayùn mi ń pariwo jù, mo ní ta ló ni ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n dé ibi tí ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníkọ́kọ́rọ́ ti jáde nílé bàbá rẹ̀, tó gun ẹṣin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, tó ní òun ń lọ gba oòrùn tí Ọba Òkùnkùn tì mọ́nú àpótí irin lórí òkè keje. Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, ayùn wà lọ́wọ́ mi, pákó wà níwájú mi, mi ò sì rẹ́ nǹkan kan láti ìgbà tí Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù, mo dáwọ́ dúró. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé apá ń ro mí.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá ọ rò nìyí. Nígbà tí ìwé kejì ń parí lọ, ọwọ́ kan ṣoṣo ni Oníkọ́kọ́rọ́ fi rọ̀ mọ́ afárá, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ejò abìyẹ́ tó ń pọ iná ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, Sójà tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti ìwé kìíní sì yọ ọ̀bẹ, ó ń gé okùn afárá. Tíṣà ṣí ewé kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún ṣí òmíràn, àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé ló wà níbẹ̀. Télọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi figbe ta, ìyá rẹ ní ká wo abẹ́ bẹ́ǹṣì bóyá ewé kan já bọ́, gbogbo wa sì dọ̀bálẹ̀ sínú ìdọ̀tí pákó, à ń wá ewé. Ọmọ mi, ó di oṣù mẹ́rìnlá tí ọmọ ọlọ́mọ ti rọ̀ síbẹ̀. Ìwọ wá kọ̀wé sí ìyá rẹ lóṣù tó kọjá pé ìwé kẹta ti ń parí lọ, òun sì ni ìkẹyìn, ṣùgbọ́n pé ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ bó ṣe máa parí. Báwo? Ṣé o kúrò níbẹ̀ ni? Ta lo fi sílẹ̀ tì í?

Ìyá rẹ ní àròsọ ni. Tíṣà náà ní àròsọ ni, ó fi ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn mí níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí tó jẹ́ ẹni gidi, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá jọ ẹnìkan, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí ẹni tó ń fi èèyàn pamọ́ fún Ọba Òkùnkùn máa kọ náà nìyẹn. Ta ló mọ̀ ọ́ jù mí lọ? Ọmọ ọdún méje ni ọ́ tí o fi bọ́ọ̀lù fọ́ dígí kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà mi, kò sẹ́ni tó rí ọ, ìwọ fúnra rẹ lo rìn wọ ṣọ́ọ̀bù, o kó àfọ́kù sínú etí aṣọ rẹ, o ní bàbá, èmi ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní jókòó sí ìlú ńlá kó máa sọ pé ẹṣin ń sọ̀rọ̀ bí ẹṣin ò bá sọ̀rọ̀.

Ní ti afárá yẹn gan-an, iṣẹ́ burúkú ni. Pákó méjìlá péré, tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́wàá lọ, wọ́n fi okùn so ó, wọ́n ní kí ẹṣin gba orí rẹ̀ kọjá! Ta ló kàn án, ta sì ni ọ̀gá tó fún un ní òmìnira? Kí Sójà tó yọ ọ̀bẹ ni afárá yẹn ti fẹ́ já. Ti àpótí irin, mi ò ní dá sí i, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé mi bí oòrùn ò ṣe tíì yọ́ irin. Ti kọ́kọ́rọ́ ni mo lè sọ. Mi ò ta kọ́bọ́ọ̀dù kan rí tí mi ò fi kọ́kọ́rọ́ méjì sí i. Wọ́n wá ní gbogbo oòrùn ayé, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà ni mo ṣe fá pákó kan fún wọn. Igi tó dáa ni, tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ gbáko, mo fá a níwá lẹ́yìn, mo lu ihò okùn sí i, mo rù ú lọ sí póòsì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan báyìí tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo farabalẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀. Orúkọ ẹni tó máa gbà á, Oníkọ́kọ́rọ́. Àdírẹ́sì, afárá tó wà láàárín òkè karùn-ún àti ìkẹfà, kí wọ́n gba ilé ìtẹ̀wé ọmọ mi kọjá. Nọ́ńbà fóònù, mo kọ pé kò lè gbé fóònù, ọwọ́ kan ló kù ú kù. Wọ́n bi mí bóyá ohun tó ń gbiná wà nínú ẹrù, mo kọ pé nínú ẹrù kò sí, ṣùgbọ́n níbi tí ẹrù ń lọ ó wà, ó sì ń fò, kí ẹni tó máa gbé e lọ má wọ aṣọ tó tètè ń jó. Wọ́n ní bí wọn ò bá bá ẹni náà ńkọ́, kí ni kí wọ́n ṣe? Mo kọ pé kí wọ́n dúró dè é, á dé.

Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá jáde, ó bi mí bóyá èmi nìkan ni mo wá, mo ní èmi àti pákó ni. Ó ní pákó ti gùn ju ohun tí póòsì ń gbé lọ, kí n gé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kúrò. Mo ní ọ̀gá, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, bí mo bá gé e, kò ní kan òdìkejì, ọmọ náà á tẹ̀ ẹ́, á sì ré lulẹ̀, ọrùn ta ló máa wà? Ó ní kí n má bínú. Mo fàáké kọ́rí. Wọ́n fún mi ní omi tútù àti àga, ẹsẹ̀ àga náà ń mì, mo bá wọn kàn án kó tó di pé mo ru pákó mi padà sílé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba fóònù ìyá rẹ, kí n pè ọ́ fúnra mi. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí, kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ kó bá mi sọ fún ọ pé kí o tètè yanjú ọ̀rọ̀ afárá. Ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló gbé e, kò bínú rí, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ìyá rẹ ní kì í ṣe èèyàn. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ló ń gbé, jọ̀ọ́, jẹ́ kó máa sinmi.

Ó yẹ kí lẹ́tà yìí parí síbí. Ohun kan ló kù tó ti ń wúwo lẹ́nu mi.

Nínú ìwé kìíní, níbi tí Oníkọ́kọ́rọ́ ti jáde nílé, o kọ ọ́ pé káfíńtà ni bàbá rẹ̀. O ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀ wọ́, pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. O ní ó sọ fún ọmọ náà pé ẹni tó bá fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ tó ń lé oòrùn kiri kò ní yàrá nílé òun mọ́, ó sì fi ìṣó mẹ́sàn-án kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ pa. Nígbà tí Tíṣà dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Télọ̀ ń wo òwú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí òwú rí. Ìyá rẹ ní tiẹ̀ kọjú sí mi gbọn-in. Mo ní mò ń lọ wá gọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì níwájú mi, gbogbo wọn ló sì rí i. Mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri.

Lọ́jọ́ kejì ìyá rẹ ní bí mo bá lè gbà pé àròsọ ni, ọkàn mi á balẹ̀, torí káfíńtà yẹn á jẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè gbà á. Bí mo bá ní o purọ́ mọ́ káfíńtà, mo ti ní o purọ́ mọ́ ẹṣin náà nìyẹn, o ò sì purọ́ rí. Ibì kan ṣoṣo lo ti ṣì í níbẹ̀, mi ò sì lè jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Méje ni ìṣó yẹn, kì í ṣe mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn yàrá kan kì í gba mẹ́sàn-án, ta ló ń fi ìṣó ṣòfò báyẹn? Mo dìde lọ kà wọ́n lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ, kí n lè kọ̀wé sí ọ pẹ̀lú ẹ̀rí. Méje gééré. Ibi tí mo ti ń kà wọ́n ni mo ti rí i pé ẹ̀mú wà lọ́wọ́ mi.

Èyí àkọ́kọ́ le, ó ti dógùn-ún. Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìkeje yọ, mo wọlé. Bẹ́ǹṣì kékeré tí mo kàn fún ọ ṣì wà níbẹ̀, eruku ti bò ó, àwọn kùkùté pẹ́ńsù rẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Mo jókòó lé e. Ó kéré jù fún mi, ṣùgbọ́n mo pẹ́ lórí rẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà ti rọ̀, ó ń wọ́lẹ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún irin méjì tí á máa fi yí, àti ọ̀dà kékeré kan, kí o sì sọ àwọ̀ tí o fẹ́. Kì í ṣe pé owó rẹ̀ wọ́n mi. Owó ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kí a fi ra á, kó má bàa sí ẹni tó máa tún sọ pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣe tìrẹ.

Ti ìwé kẹta, mi ò ní kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ. Mo ní lọ́jọ́ tí o lọ pé ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́, mo ti jẹ ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, yọ ọmọ náà kúrò lórí afárá ná, mo ti ya bó ṣe yẹ kí wọ́n kàn án sẹ́yìn ìwé yìí. Bó bá gba oòrùn tán, má jẹ́ kó gba ààfin lọ, jẹ́ kó lọ sílé. Kó má kan ilẹ̀kùn. Jẹ́ kí káfíńtà ti jáde sí ìta, kó sì ti yọ ìṣó nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú, kí oòrùn tó yọ, kí àwọn tó ń ka ìwé má bàa rò pé torí oòrùn ló ṣe ṣílẹ̀kùn. Torí ọmọ rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀, bá a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣe àṣìṣe, kí ọmọ rẹ̀ má bínú. Ọmọ mi, mo ṣe àṣìṣe. Má bínú.

Pákó tí o bá tẹ̀ kò ní ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tí ẹ jọ ń jẹun kò ní gé okùn rẹ. Ohun tí o bá jáde lọ wá, wàá rí i, wàá sì gbé e wálé kí ojú mi tó ṣókùnkùn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo tún fi èyí kún un lórí káńtà póòsì. Ọmọbìnrin oníṣingọ́ọ̀mù ní kí ló ń dún nínú àpò lẹ́tà, mo ní ìṣó ni. Ó ní ṣé ti afárá ni. Mo ní rárá, ti ilé ni, mo ti yọ wọ́n. Kó wọn jáde, kí o kà wọ́n. Méje ni.