Ìkòkò Tí Mo Tò àti Ìkòkò Tí Mo Fọ̀

Ṣàngó, Ìlọrin.

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú ìfaradà ojú tó ń dùn yín. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Bùrọ̀dá Dúró àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agbo ilé l'Ọ́mù-Àrán. Ìyàwó yín kí yín, àwọn ọmọ náà ń kí ìyá wọn àgbà. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni lẹ́tà yìí ti bá yín. Bùrọ̀dá Dúró tó ń ka lẹ́tà fún yín máa ń fo ibi tó bá korò, wọ́n á ní àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Èyí, bí wọ́n bá fò ó, aládùúgbò á kà á fún yín.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti dé, fáànù tó bàjẹ́ ni gbogbo ayé ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, owó sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń ṣe mí ni àárò ilé. Mo mọ̀ pé Ìlọrin kò jìnnà sí yín, ṣùgbọ́n ibi téèyàn ò ti lè gbóhùn ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀nà jíjìn ni.

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé bí ẹ kò bá kúrò nídìí èéfín igi, ojú ọ̀tún á tẹ̀lé tòsì, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀yin ní ẹ kò ní í fi ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sílẹ̀, pé òun lẹ fi tọ́ wa, pé ọjọ́ tí ẹ bá jókòó lásán ni ẹ máa kú. Mi ò bá yín jiyàn. Mo ní kí n to ìkòkò tó máa fi iná mànàmáná pọn ọtí, kí èéfín lè kúrò ńbẹ̀.

Ọjà Ìpàtà ni mo ti ra ìkòkò irin dídà ńlá. Wẹ́dà kan ládùúgbò lu ihò méjì sí i lára, ọ̀kan fún kọ́ìlì tí mo yọ lára ẹ̀rọ omi gbígbóná àlòkù, ọ̀kan fún táàpù. Mo fi súìṣì sí i, àti irin kékeré tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí omi bá ti gbóná tó, mo sì fa wáyà kan wọnú ilẹ̀ kí iná má baà gbé yín. Àlùhájì tó ni ilé tí a ń gbé bi mí ohun tí mo fẹ́ fi sè. Mi ò purọ́ fún un. Ó ní òun ò ní í bú iṣẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wàlláhì, ẹ̀kán rẹ̀ kò gbọdọ̀ kán sínú ọgbà òun. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹ̀fun àgbàdo lẹ̀ mọ́ kọ́ìlì, ó jóná, òórùn rẹ̀ lé oníbàárà méjì lọ. Mo gé páànù, mo dá a lu bí ajere, mo tẹ́ ẹ sórí kọ́ìlì. Kò jóná mọ́.

Nígbà tí mo wálé wá sọ fún yín, ẹ ní ohun tó bá wù mí ni kí n fi sè é, ṣùgbọ́n inú ìkòkò amọ̀ Ìyá Àgbà tó bí yín ni kí n dà á sí kí ó ti tutù, kí ó sì kan. Ẹ fi ewé bo ẹnu rẹ̀, ẹ fà á lé mi lọ́wọ́, ẹ ní ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Ìyá mi, mo fọ̀ ọ́. Mo rí èèpá dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, mo ní ẹni tó to ìkòkò oníná kò lè da ọtí sínú ìdọ̀tí. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ, iyanrìn àti omi gbígbóná bó o, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kì í jẹ́ kí àwa ọkùnrin súnmọ́ ìdí ọtí nígbà tí a wà ní kékeré, mo sì rò pé èèwọ̀ àwọn àgbà lásán lẹ ń sọ. Ìkòkò náà ń dán. Mo tún pe ìyàwó yín wá wò ó.

Ọtí tí mo dà sínú rẹ̀ kò hó. Ọjọ́ kejì, kò hó. Ọjọ́ kẹta, ó dùn bí omi ògì tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ọjọ́ kẹrin, ó bu. Mo ra ìwúkàrà lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì. Ìyẹn hó, ṣùgbọ́n ìyàwó yín tọ́ ọ wò, ó ní búrẹ́dì tó mutí yó ni. Ìgbà náà ló yé mi pé èèpá tí mo bó dànù ni ìwúkàrà yín, èyí tí Ìyá Àgbà bá lọ́wọ́ ìyá tiwọn, tó ń ti inú ọtí kan bọ́ sínú òmíràn láti ìgbà náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń pète irọ́ pé ìkòkò fọ́ nínú ọkọ̀.

Ìyàwó yín ló dá orúkọ tí a kì í dá nílé wa: Àǹtí Bọ́lá, àbúrò yín tó ń gbé ní Fate, nínú Ìlọrin níbí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé orí ìkòkò yìí lẹ ti jà nígbà tí a sin Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin lẹ gba ìkòkò, ẹ sì ní wọ́n jí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ bù. Wọ́n búra pé àwọn ò bù ú. Láti ọjọ́ náà, ẹ ní ẹsẹ̀ ọmọ yín kankan kò gbọdọ̀ tẹ ilé wọn.

Mo lọ, ìyá mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Nígbà tí mo rò ó tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Wọ́n ní òótọ́ lẹ sọ, àwọn bù ú. Wọ́n ní ìgò kékeré kan ni, abẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni àwọn fi í sí, pé ẹ̀yin lẹ ni ìkòkò, ṣùgbọ́n àwọn náà ní ìyá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pọn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, wọn kì í tà á, kí ìdí rẹ̀ má baà kú. Wọ́n tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiwọn sórí ọtí tuntun tí mo sè sínú ìkòkò tí mo fọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti hó dé ẹnu. Mo tọ́ ọ wò. Ọtí yín ni. Mo jókòó láàárín àwọn fáànù, mo sunkún.

Sátidé lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni mò ń bọ̀. Ìkòkò oníná á wà nínú búùtù ọkọ̀. Ìkòkò amọ̀ á wà lórí itan Àǹtí Bọ́lá, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Wọ́n ní bí ẹ bá ní kí àwọn má wọlé, àwọn á gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, àwọn á sì padà.

Kí Olúwa dá ojú yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Èmi ni mo fọ ìkòkò, èmi ni kí ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gba ìkòkò náà lọ́wọ́ àbúrò yín níta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé.

Èmi ni, ọmọ yín,
Yẹmí