Ìràwọ̀ Mẹ́ta Péré Ni Mo Fún Wọn

Ọmọ mi àtàtà,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ láti orí àga onípákó tí o mọ̀ yẹn, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ẹni tó ń wá ọ sí ibi kò ní mọ ojúlé rẹ, ọ̀gá rẹ á máa fi ojú rere wò ọ́, àpótí onírin tó ń gbé yín gòkè lọ sí ọ́fíìsì kò sì ní há sáàrin ọ̀nà nígbà tí o bá wà nínú rẹ̀. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orókún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ ó ń gbé mi dé ibi tí mo bá ń lọ.

Fóònù tí o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi láìfọ́. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ. Nígbà tí o ní o ti kó gbogbo eré Ọkọ̀ Tó Kọjá Òṣùpá sínú rẹ̀, mo rò pé ò ń fi ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Eré tí a gbọ́ lórí rédíò kí a tó bí ọ, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ wọ ọkọ̀ onírin lọ sáàrin ìràwọ̀ láti wá ilẹ̀ mìíràn, ṣé òun náà ló wá wọ inú nǹkan tí kò tó ọṣẹ ìfọṣọ yìí? Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ohùn Olórí Ọkọ̀. Ohùn náà ò gbó rárá, àwa tó dúró sórí ilẹ̀ la gbó. Mo kí i kú ìrìn.

Mi ò jẹ́ dá a gbọ́. Mo gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, níbi tí gbogbo wa ti máa ń gbọ́ ọ láyé ọjọ́un, mo sì ránṣẹ́ pe àwọn tó kù nínú wa. Ìyá Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ wá. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ó ṣì ń wo ojú èèyàn bí ẹni ń wá àìsàn níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà wá, ẹni tí à ń pè ní Mo-ti-mọ̀, nítorí kò sí eré tí kò ní sọ ìparí rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. A jókòó sáàrin àwọn aṣọ tí àwọn tó ni wọ́n ò tíì wá gbà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe rédíò, àmọ́ àwa ń fún un lésì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí Olórí Ọkọ̀ bá ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, gbogbo wa la máa ń sọ fún un pé òsì ni.

Fóònù yìí lọ́gbọ́n o. Ní ọjọ́ kejì, kó tó ṣílẹ̀kùn fún wa, ó ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Inú mi dùn sí i, nítorí rọ́bọ́ọ̀tì kan wà nínú eré náà tó wọ aṣọ dókítà, díẹ̀ ló kù kó pa gbogbo wọn tán, ó sì dáa kí wọ́n máa yẹ àlejò wò. Ìyá Nọ́ọ̀sì bá mi jẹ́rìí, ó gbóhùn sókè kí fóònù lè gbọ́, ó ní òun ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi rí, èèyàn ni mí. Lẹ́yìn náà ó ní kí a tẹ gbogbo àwòrán tí kẹ̀kẹ́ bá wà níbẹ̀. Mo-ti-mọ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ọ̀kan wà tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní tẹ̀, ó ní táyà iwájú rẹ̀ ti jò, òun ò lè fi ọwọ́ òun jẹ́rìí sí kẹ̀kẹ́ tí kò lè rìn. Fóònù náà ò gbà, òun náà ò gbà. Ìgbà tí Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú fo táyà ni ilẹ̀kùn tó ṣí.

Fọkàn balẹ̀, mo ń tọ́jú wọn. Bí mo bá fẹ́ dá eré náà dúró, mo máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ síbì kan. Mi ò jẹ́ pa á nígbà tí wọ́n bá wà lófuurufú, kí wọ́n má lọ já bọ́. Fóònù tún bi mí pé ìràwọ̀ mélòó ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Mo fún wọn ní mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n máa fi ìyẹn ríran lọ ná, bí wọ́n bá délé, wọn á gba méjì tó kù.

O mọ̀ pé èmi nìkan ni mi ò fi etí ara mi gbọ́ ìparí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe apá tó kẹ́yìn lórí rédíò ni ìwọ náà yàn láti wá sáyé. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, mo ń rọbí, mo sì ń lé bàbá rẹ pé kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ lọ gbọ́ ọ wá fún mi. Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú aboyún bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí bàbá rẹ fi máa padà, o ti dé. Ó jókòó tì wá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, bí ọkọ̀ ṣe balẹ̀, bí Olórí Ọkọ̀ ṣe bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá náà ò sì bi í léèrè nǹkan kan, àfi pé ó ní omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná. Mo gbé ọ mọ́ àyà, mo sunkún ayọ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà, bí bàbá rẹ bá ṣẹ̀ mí, ìparí yẹn ló máa fi ń bẹ̀ mí, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú kí a dé ìparí, kí n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀ náà fúnra mi. Àmọ́ bó ṣe ku apá kan ṣoṣo báyìí, àwọn èèyàn mi yí padà. Télọ̀ ní aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ti kún òun lọ́wọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan fóònù, ó ní ibà ń ṣe é, kí n jẹ́ kó sinmi. Mo fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí. Mo-ti-mọ̀ ní etí òun dí, mo sì rí i pé ẹnu rẹ̀ pàápàá dí, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ọmọ mi, kò délé. Epo ọkọ̀ náà tán, ó ń sún lọ sínú òkùnkùn, Olórí Ọkọ̀ sì ń pe ilé, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó pè, ó tún pè, eré sì parí. Èmi dáhùn ní tèmi, mo ní à ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n pé omi ìwẹ̀ dà, ìyá rẹ̀ dà.

Télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ló bẹ̀ wá. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan lọ, kò sì padà wálé."

Ìyá Nọ́ọ̀sì ní òun bá bàbá rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, tó ń dá ìparí náà sọ fún ara rẹ̀ kó lè dán mọ́rán kó tó wọlé wá. Mo-ti-mọ̀ tí kì í lè pa ìparí kankan mọ́ sínú ti pa èyí mọ́ láti ìgbà tí o ti wà ní ìkókó títí o fi ga jù mí lọ. Ó ń fi àkísà tó fi ń nu gíríìsì nu omijé, ojú rẹ̀ sì dúdú kirikiri.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo bú bàbá rẹ, mo tún kí i kú iṣẹ́. Mi ò bá àwọn tó ṣe eré náà jà, bóyá bó ṣe rí gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Àmọ́ ti ọkọ mi ni mo gbà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá sì dé apá tó kẹ́yìn, a ó pa fóònù, èmi ni n ó sọ bó ṣe parí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fọwọ́ sí i.

Jọ̀wọ́ fi owó dátà ránṣẹ́, àti owó ṣájà tuntun, nítorí mi ò fẹ́ kí fóònù kú nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣì ń pe ilé. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi wọ ọkọ̀ wá. Ó ti pẹ́ tí o ti ń sọ pé ò ń bọ̀, pé iṣẹ́ ni kò jẹ́. Fóònù dé, ọmọ ò dé. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mi ò sì ní bi ọ́ léèrè nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà á là fún ọ. Epo ọkọ̀ rẹ ò ní tán sínú òkùnkùn. Níbikíbi tí o bá ti pe ilé, ilé á dá ọ lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.

Fóònù ṣì ń bi mí nípa ìràwọ̀ méjì tó kù. Mo ti sọ fún un pé ọwọ́ mi ni wọ́n wà, mò ń dúró de ẹni tó máa délé.